Bí A Ṣe Ń Fọwọ́ Ya Ẹ̀dà Romulus àti Remus ti Rubens

Ohun tó ń ba ẹ̀dà àwòrán sáà Baroque (ti Yúróòpù ní nǹkan bí ọdún 1600 sí 1750) jẹ́ kì í sábà jẹ́ pé ẹni tó yà á kò mọ̀ ọ́n yà. Ọ̀pọ̀ wọn mọ ojú yà, wọ́n mọ ọwọ́ yà, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń po ọ̀dà. Àmọ́ orí kánfáàsì funfun ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á máa wo àwọ̀ tó wà lójú fóònù, wọ́n á máa fi ọ̀dà tó jọ ọ́ dí àlàfo láti igun kan dé èkejì, títí kánfáàsì á fi kún. Bí iṣẹ́ bá parí, gbogbo nǹkan á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á le gbagidi, ẹ̀jẹ̀ ò ní sí nínú rẹ̀.

Àwọn ayàwòrán ìgbà náà kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Orí àwọ̀ tó ti ṣókùnkùn díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá máa fa ìmọ́lẹ̀ jáde lára rẹ̀ ní ìpele ìpele, ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ ló sì ń gbẹ̀yìn. Ètò yẹn ni mo fẹ́ tọ́ka sí nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ẹni tó bá tẹ̀lé e, ẹ̀dà rẹ̀ á sún mọ́ ojúlówó ju ti ẹni tó ka gbogbo ìka ẹsẹ̀ tí kò fi ọ̀kan sílẹ̀, àmọ́ tó gba ọ̀nà òdì wọ iṣẹ́.

Àwòrán tí a ó lò

Peter Paul Rubens, ayàwòrán ará Antwerp ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Belgium báyìí, gbé ní Ítálì láti 1600 sí 1608. Ó wo àwọn ère àtijọ́ tó wà ní Róòmù fínnífínní, ó sì ń yà wọ́n sínú ìwé. Lẹ́yìn tó padà sí Antwerp ló ya Romulus àti Remus, ìbejì inú ìtàn Róòmù, lórí kánfáàsì tó lé díẹ̀ ní mítà méjì níbùú àti lóòró. Róòmù ni àwòrán náà wà báyìí, nínú gbọ̀ngàn àwòrán mùsíọ́mù Capitoline. Mo yàn án nítorí pé gbogbo ohun tí ẹni tó ń ya ẹ̀dà sáà yẹn gbọ́dọ̀ mọ̀ ló wà nínú rẹ̀: ara ọmọdé, ara arúgbó, irun ẹranko, omi, ewé, ojú ọ̀run. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò pọ̀ débi tí ọwọ́ ò fi ní ká wọn.

Ẹni tí kò tíì fi ọ̀dà òróró ya ara ènìyàn rí, kó kọ́kọ́ lọ gbìyànjú ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tí Artemisia Gentileschi, ayàwòrán ará Ítálì, ti ya Lucretia, obìnrin inú ìtàn Róòmù, ní òun nìkan. Obìnrin kan ṣoṣo ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣókùnkùn, kò sí igi, kò sí ẹranko. Èyí tí n kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀ ni àwòrán Nicolas Poussin, ayàwòrán ará Faransé, nípa bí àwọn ará Róòmù ṣe jí àwọn obìnrin Sabine, ẹ̀yà tó múlé tì wọ́n, gbé, èyí tó wà ní Metropolitan Museum ní New York. Èrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, apá ẹnìkan gba iwájú ẹlòmíì kọjá, Romulus ọba Róòmù fúnra rẹ̀ dúró lápá òsì, ó gbé etí aṣọ rẹ̀ sókè láti fi ṣàmì fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Bí ẹ bá ṣi ènìyàn kan ṣoṣo gbé níbẹ̀, gbogbo ìlà tó so wọ́n pọ̀ ló máa já.

Ẹ mọ ìtàn náà kí ẹ tó mú pẹ́ńsù

Numitor ló jẹ ọba Alba Longa, ìlú àtijọ́ kan nítòsí ibi tí Róòmù wà lónìí. Amulius àbúrò rẹ̀ gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì sọ Rhea Silvia, ọmọbìnrin Numitor, di ọ̀kan lára àwọn obìnrin tó ń bọ Vesta, òrìṣà iná ààrò, nítorí pé wọn kò gbọdọ̀ mọ ọkùnrin, kò sì ní sí àrólé tó máa bá a du ìtẹ́. Ṣùgbọ́n Rhea Silvia lóyún ìbejì, ó ní Mars, òrìṣà ogun, ló ni oyún náà. Amulius ní kí wọ́n lọ gbé àwọn ọmọ jù sínú odò Tiber. Odò ti kún bo bèbè. Ohun tí wọ́n gbé àwọn ọmọ sí léfòó, ó sì gúnlẹ̀ sí abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ kan. Ìkookò wá fún wọn lọ́mú. Àkókó, ẹyẹ Mars, ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Níbẹ̀ ni Faustulus darandaran ti bá wọn, ó gbé wọn lọ fún Acca Larentia ìyàwó rẹ̀ kó bá òun tọ́ wọn. Àwọn ará Róòmù gbà pé ọdún 753 ṣáájú ìbí Jésù ni Romulus tẹ ìlú náà dó, lẹ́yìn ìjà tó gba ẹ̀mí Remus.

Mo ka ìtàn yìí sí ara ohun èlò. Bàbá arúgbó tó fẹ̀yìn ti ìkòkò tí omi ń dà jáde láti inú rẹ̀, lápá òsì àwòrán, òun ni òrìṣà odò Tiber; ẹni tí kò bá mọ̀ á yà á bí ẹni tó ń sinmi lẹ́bàá omi lásán. Ẹyẹ orí igi yẹn kì í ṣe ẹyẹ kan ṣá, iṣẹ́ ló wá jẹ́. Ọkùnrin tó ń yọ bọ̀ lápá ọ̀tún ni Faustulus, ìyàlẹ́nu sì gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa rí ohun tí àwa ti ń wò láti òwúrọ̀. Àwa tí a ń ki ìbejì ní ẹ̀jìrẹ́ ará Ìsokùn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa ìdí tí Rubens fi kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà lé àwọn ọmọ méjèèjì lórí. Òkùnkùn ló yí wọn ká, àwọn ni wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín, torí òun ló máa sọ ibi tí ọ̀dà funfun gbọ́dọ̀ lọ àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: fọ́tò tó ṣeé gbára lé

Ní ti òfin, Rubens ti kú láti 1640, kò sí ẹ̀tọ́ oní-nǹkan kankan lórí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ wa fọ́tò mẹ́ta sílẹ̀, kí orísun wọn yàtọ̀ síra, kí wọ́n sì tóbi débi pé bí ẹ bá fẹ ojú ọmọ kan lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣì máa rí ipa búrọ́ọ̀ṣì. Wikimedia Commons, ìkànnì àwòrán ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bá yan Poussin ní àǹfààní tó jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti 2017 ni Metropolitan Museum ti fi àwọn fọ́tò ńlá ti iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ó rí i pé àwọ̀ àwọn fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bára mu. Ọ̀kan á pọ́n, ọ̀kan á fà sí àwọ̀ ewé, ọ̀kan á ṣú. Ẹ má ṣe gba ọ̀kan gbọ́ ju èkejì lọ. Ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni kí ẹ dì mú, ìyẹn ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn. Nítorí náà ẹ tẹ fọ́tò kan jáde ní àwọ̀ dúdú àti funfun nìkan, kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 24 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bébà yìí lẹ máa wò jù lọ ní ìdajì àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: kánfáàsì àti àwọ̀ ìpìlẹ̀

Ẹ mú kánfáàsì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, torí bí Rubens ṣe ṣe tirẹ̀ nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó dọ́gba pátápátá. Sẹ̀ǹtímítà 80 sí 80 ni mo fọwọ́ sí. Tó bá kéré ju ìyẹn lọ, ojú Faustulus á di tóótòòtó, ẹ ò ní rí ibi fi búrọ́ọ̀ṣì sí. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ló pẹ́ jù, àmọ́ aṣọ òwú tó nípọn ò burú.

Ẹ fi gesso, ọ̀dà funfun tí a fi ń ṣe ìpìlẹ̀ kánfáàsì, kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí ẹ tó fi òmíràn lé e, kí ẹ sì rọra fi sáńpépà pa á láàárín. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń lo ọ̀dà emulsion tí wọ́n fi ń kun ògiri nítorí owó. Ògiri kì í mì, kánfáàsì ń mì. Iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ kó ṣẹ́kù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín, ẹ má fi emulsion sí abẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí ọ̀pọ̀ ń fò. Ẹ po burnt umber, ọ̀dà búráùn tó ṣú, pọ̀ mọ́ dúdú díẹ̀ àti funfun, kó di àwọ̀ eérú tó gbóná, tó fà sí àwọ̀ ilẹ̀, kó má funfun, kó má sì dúdú. Ẹ fi kun gbogbo ojú kánfáàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá lo ọ̀dà acrylic, èyí tí omi ń tú, fún èyí, ó máa yá láti gbẹ, ọ̀dà òróró sì lè gùn ún láìséwu. Acrylic lórí ọ̀dà òróró ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ láé, nítorí kò ní dì mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ipa búrọ́ọ̀ṣì hàn níbi tó bá ti hàn. Rubens fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ìpìlẹ̀ tó ní ilà ilà bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí pákó, ẹ sì lè rí i níbi tí ọ̀dà òkè ti fẹ́lẹ́ nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọ̀ ìpìlẹ̀ yìí ló máa bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́ ara ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa rí i níwájú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: gbígbé ìlà

Ẹ fi rúlà pín fọ́tò sẹ̀ǹtímítà 24 yẹn sí àpótí mẹ́jọ níbùú, mẹ́jọ lóòró. Sẹ̀ǹtímítà 3 ni ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan máa jẹ́. Ẹ pín kánfáàsì bákan náà, sẹ̀ǹtímítà 10 ni tirẹ̀ máa jẹ́. Ẹ wá máa gbé ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan sínú ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹfun tàbí èédú. Ẹ má lo pẹ́ńsù tó dúdú, torí ó lè padà hàn láti abẹ́ ọ̀dà.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú. Ẹ kọ́kọ́ fa ìlà ńláńlá: bí ẹ̀yìn òrìṣà odò náà ṣe tẹ̀, bí ìkookò ṣe sùn lélẹ̀, bí igi ọ̀pọ̀tọ́ ṣe gòkè lẹ́yìn wọn. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá jókòó dáadáa ni kí ẹ tó wọ inú ọ̀rọ̀ ìka àti imú. Bí ẹ bá parí, ẹ gbé dígí síwájú kánfáàsì kí ẹ wo ìlà yín nínú rẹ̀. Ohun tó wọ́, tí ojú yín ti mọ́ lára, á yọ síta lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún un ṣe báyìí. Lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti débẹ̀, àtúnṣe á di ìpọ́njú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìpele umber

Raw umber (búráùn tó tutù ju burnt umber lọ) tàbí burnt umber nìkan, pẹ̀lú turpentine tàbí omi ìtú-ọ̀dà tí kò lóòórùn, láìsí òróró rárá. Ẹ fi ya gbogbo òjìji. Ibi tó bá mọ́lẹ̀, ẹ fi àkísà nu ún kí àwọ̀ ìpìlẹ̀ yọ. Bébà dúdú-àti-funfun yẹn lẹ máa wò, kì í ṣe fóònù. Ẹ máa di ojú díẹ̀ kí ohun kéékèèké pòórá, kí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ṣẹ́kù.

Umber máa ń tètè gbẹ, ìdí rèé tó fi dára fún ìsàlẹ̀. Òfin tó ń darí gbogbo ìpele tó kù nìyí: òróró tó kéré nísàlẹ̀, òróró tó pọ̀ lókè. Bí ẹ bá yí i po, òkè á gbẹ ṣáájú ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ á máa sún, òkè á sán. Dúdú náà kì í tètè gbẹ. Ẹ má fi í ṣe ìpele nínípọn lábẹ́ nǹkan mìíràn.

Ẹ má kánjú kúrò níbí. Ó yẹ kí ẹni tó bá wọlé lójijì lè mọ ìtàn tó wà nínú àwòrán náà láti inú umber nìkan. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àwọ̀ ò ní gbà yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ara ènìyàn

Rubens lo funfun òjé, ochre (ọ̀dà ilẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè), vermilion (pupa tó mọ́ yòò), pupa tí wọ́n ń rí láti ara ewéko àti kòkòrò, dúdú egungun, àti búlúù azurite tàbí ultramarine. Òjé ń ṣèpalára fún ara, vermilion gidi sì ní mákúrì nínú, ẹ má wá wọn kiri. Àwọn tí a máa lò ni titanium white, yellow ochre, cadmium red tó fà sí ọsàn, alizarin (pupa tó ṣú) tí kì í ṣá, burnt sienna (búráùn tó pọ́n), umber méjèèjì, ultramarine àti ivory black. Ẹ rántí pé titanium bo nǹkan mọ́lẹ̀ ju funfun òjé lọ, ó sì tutù ju ú lọ. Ẹ máa bu díẹ̀ lò, kí ẹ sì fi ochre táṣẹ́rẹ́ mú un gbóná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí òkú.

Ẹ po funfun, ochre àti cadmium red díẹ̀ pọ̀ fún àwọ̀ ara. Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa, torí òun gan-an ni àṣírí iṣẹ́ Rubens. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yí lọ sínú òjìji, lẹ́bàá ikùn ọmọ tàbí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí àwọ̀ kan tó fà sí búlúù, tó tutù, bí ẹni pé iṣan wà lábẹ́ awọ. Ọ̀pọ̀ máa ń gbé búlúù láti fi yà á. Búlúù kò sí níbẹ̀. Ẹ mú àwọ̀ ara tí ẹ ti pò yẹn, ẹ nù ún kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì títí yóò fi kù díẹ̀, kí ẹ wá fà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gba orí ìpìlẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn. Ọ̀dà tó mọ́lẹ̀, bó bá fẹ́lẹ́ lórí ohun tó ṣókùnkùn, ojú á rí i bíi búlúù. Kò sí bí ẹ ṣe lè rí èyí lórí kánfáàsì funfun. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ àwọ̀ ìpìlẹ̀ láti àárọ̀ nìyí.

Bí ẹ bá ti ní àwọ̀ tó tutù yẹn lójú ibi tó ń yí, ẹ jẹ́ kó wà. Ẹ fi ọ̀dà tó nípọn sí i sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà ní tààrà: iwájú orí, èjìká, orí ikùn, itan. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ, ẹ gbé ọ̀dà náà lé e kó ga sókè lára kánfáàsì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbi tó bọ́ sí. Ní ti òjìji, ẹ má fi funfun sí i. Umber àti alizarin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti tó, kí ìpìlẹ̀ ṣì máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Òjìji tó nípọn máa ń kú ni.

Lẹ́yìn náà ni pupa. Ẹ wo etí, ihò imú, àlàfo ìka, orúnkún, àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ọmọ Rubens: pupa tó gbóná ló wà níbẹ̀, cadmium red tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lábùlà. Lórí fóònù ẹ ò ní ṣàkíyèsí i. Fífi í sí ibi tó yẹ ló ń sọ ọmọ inú àwòrán di ọmọ tó ti jẹun yó, tí ara rẹ̀ sì móoru.

Ara òrìṣà odò kò gbọdọ̀ jọ ti àwọn ọmọ. Ẹ dín funfun kù, ẹ fi ochre àti burnt sienna kún un, kí ẹ jẹ́ kí iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ hàn. Oòrùn àti omi ti na ẹni yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọ̀ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrìṣà odò náà wà láàárín tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ: ara rẹ̀ mọ́ ju ti bàbá lọ, kò sì gbọdọ̀ mọ́ tó ti ìbejì. Bí obìnrin náà bá mọ́lẹ̀ ju àwọn ọmọ lọ nínú iṣẹ́ yín, ojú tó bá wò ó ò ní mọ ibi tó máa kọ́kọ́ lọ.

Ara ènìyàn gba ìpele méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ débi pé bí ẹ bá fi ìka kàn án, nǹkan kan ò ní lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá ní àsìkò òjò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìkookò

Rubens ya ìkookò kan àti ìbejì sórí bébà láti ara ère àtijọ́ tó wà ní Róòmù nígbà náà, ère odò Tiber tó ti wà ní mùsíọ́mù Louvre ní Paris báyìí. Ìdí nìyẹn tí ẹranko náà fi ní ìdúró ọlọ́lá, kì í ṣe ti ẹranko tí ọdẹ bá nínú igbó.

Irun ló máa ń dẹ ènìyàn mú níbí. Ẹ ó fẹ́ máa ya á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi umber àti ochre ya gbogbo ara ẹranko náà bí ohun tó ṣù, kí egungun àti ẹran hàn lábẹ́ awọ. Nígbà tó bá ṣì tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹlẹ́dẹ̀ tó gbẹ fà á síbi tí irun kọ orí sí: irun ọrùn gùn, ó sì wọ́ sílẹ̀, ti orí kúrú, ó lẹ̀ mọ́ egungun, ti ikùn rọ̀. Bó bá gbẹ, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ àti àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ya irun díẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á, àti sí etí ara rẹ̀. Díẹ̀ yẹn ni ojú máa rí, òun náà ló máa fi ya èyí tó kù.

Ibi tí awọ ọmọ ti kan irun ìkookò ni kí ẹ ti lo sùúrù yín jù nínú gbogbo àwòrán. Ẹ má fi ìlà yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí irun díẹ̀ gùn orí awọ, kí àwọ̀ gbígbóná ara ẹranko sì ta sí ara ọmọ.

Ìgbésẹ̀ keje: omi, igi àti àkókó

Èyí yá. Ojú ọ̀run lẹ kọ́kọ́ máa yà, ewé á gùn ún lórí. Ẹ fi ochre àti dúdú po àwọ̀ ewé, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ń ta sánsán láti inú túùbù. Ohun tó wà lẹ́yìn kò gbọdọ̀ pariwo ju ìbejì lọ. Omi ni ẹ máa fi òjìji yà, pẹ̀lú ilà ìmọ́lẹ̀ mélòó kan tó gùn gbọọrọ. Ní ti àkókó, ẹ ya ẹnu rẹ̀ kó le, kó sì mú. Ẹyẹ tó ń fi ẹnu sọ igi ni.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìpele tó mọ́ gaara

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ da òróró linseed díẹ̀ mọ́ ọ̀dà tí ojú lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, bíi alizarin, burnt sienna tàbí ultramarine, kí ẹ fi nu ibi tó bá nílò rẹ̀. Òjìji tó ti di eérú, burnt sienna á mú un gbóná padà. Aṣọ pupa tí ẹ ti fi cadmium àti funfun yà nísàlẹ̀, alizarin á sọ ọ́ di pupa tó jinlẹ̀, irú èyí tí ẹ ò lè pò lórí pálẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi bo gbogbo àwòrán. Àwọn kan máa ń fi àwọ̀ búráùn pa gbogbo rẹ̀ kó lè jọ ohun àtijọ́. Fáníìṣì tó ti pọ́n nítorí ọjọ́ orí ni wọ́n ń fara wé, Rubens ò yà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò, ẹ jọ̀ọ́

Àkísà tó ti mu òróró linseed lè gbiná fúnra rẹ̀ bí ẹ bá kó o jọ sí igun ilé. Kò nílò iná, kò nílò ìṣáná. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ kó o sínú agolo onírin tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e síta. Ẹ ṣí fèrèsé nígbà tí ẹ bá ń lo turpentine. Ẹ má jẹun pẹ̀lú ọwọ́ tí cadmium wà, ẹ má sì fi sáńpépà pa ọ̀dà tó ní in. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá yín: bí ẹ bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lójúmọ́, ẹ dojú kánfáàsì kọ ògiri kó fì síwájú díẹ̀, kí eruku má baà jókòó sí ojú ọ̀dà tó tutù.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: fáníìṣì, orúkọ àti fífi ránṣẹ́

Fáníìṣì tó kẹ́yìn kò gbọdọ̀ débẹ̀ ṣáájú oṣù mẹ́fà, ọdún kan ló sì dára jù níbi tí ọ̀dà bá ti nípọn. Oníbàárà tó ń kánjú, ẹ fi retouching varnish (fáníìṣì ìgbà díẹ̀) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i fún un, kí ẹ sì sọ fún un pé kó gbé e padà wá.

Ẹ má kọ orúkọ Rubens síwájú àwòrán náà. Sí ẹ̀yìn kánfáàsì, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹ̀dà ni, pé Peter Paul Rubens ló ni ojúlówó, kí ẹ kọ orúkọ tiyín àti ọdún. Louvre, tó ti ń gba àwọn ayàwòrán láyè láti wá ya ẹ̀dà nínú gbọ̀ngàn rẹ̀ láti 1793, kì í jẹ́ kí ẹ̀dà bá ojúlówó dọ́gba ní ìwọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má baà tà á ní orúkọ olórúkọ. Òfin yẹn dára fún àwa náà. Kò sí ìtìjú nínú ẹ̀dà tó bá sọ pé ẹ̀dà lòun. Nígbà tí Rubens dé Madrid ní 1628, tó ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, tí gbogbo Yúróòpù sì mọ orúkọ rẹ̀, ó jókòó síwájú àwọn iṣẹ́ Titian, ayàwòrán ará Ítálì tó ti kú ṣáájú, ó ń ya ẹ̀dà wọn. Ẹ̀dà àwòrán Titian tí wọ́n ń pè ní Europa, tó yà nígbà náà, ṣì wà ní mùsíọ́mù Prado ní Madrid. Nílé wa níbí, Aina Onabolu, ẹni tó la ọ̀nà ọ̀dà òróró fún wa, kó tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó ló ń yà látọmọdé tó fi mọ iṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sókè òkun, ẹ tú u kúrò lára férémù, kí ẹ ká a mọ́ ara páìpù tó sanra. Ojú àwòrán ni kó kọ síta, kì í ṣe sínú, torí ọ̀dà tó bá kọ sínú máa ń fún pọ̀, ó sì ń ṣẹ́. Ẹ fi bébà tí kì í lẹ̀ bo ojú rẹ̀ kí ẹ tó ká a, kí ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni ká a nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tó nípọn lára àwọn ọmọ yẹn bá ṣì ń tẹ̀ lábẹ́ èékánná.